Ọwọ́ Tó Ń Sọ̀rọ̀ Létí Adágún

Ọwọ́ rẹ̀ ni tíṣà kọ́kọ́ rí, kó tó rí ojú rẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà tutù nini, ìkùukùu ṣì ń rá pálá lórí adágún. Tíṣà dúró lórí afárá pákó tó na ara wọ inú omi, ó ń to ọ̀pá ìpẹja jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbójú sókè báyìí, ó rí àwọn ọkùnrin àti obìnrin kan tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ọmọbìnrin kan sì wà níwájú wọn, tó kọ ojú sí wọn, tó ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀. Ọwọ́ ọmọbìnrin náà ń fò sókè, ó ń rọ̀ wálẹ̀, ó ń ṣí, ó ń pa dé, bí ẹyẹ méjì tó ń bá ara wọn ṣeré. Gbogbo àwọn tó ń tẹ̀ lé e tẹjú mọ́ ọwọ́ náà, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó yíjú sí afárá, ẹ̀rín yẹn ṣì wà lójú òun náà. Tíṣà gbàgbé ọ̀pá tó dì mú. Ọ̀pá yọ́ bọ́ sómi, kò tilẹ̀ mọ̀.

Kò sẹ́ni tí kò mọ tíṣà yìí lágbègbè adágún. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ èèyàn ní ẹja pípa lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tọmọdé tàgbà, omi kò sì gbé ẹnikẹ́ni lọ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ohun méjì ló gbójú lé. Èkíní ni fèrè tó fi okùn kọ́ sọ́rùn. Èkejì ni ohùn ara rẹ̀, nítorí bó bá figbe ta létí omi níbí, ẹni tó wà lódìkejì á dáhùn pé òun ń bọ̀. Aláriwo ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn. Ó mọ̀, kò sì bínú. "Ìwọ̀ ò mọ olówó ẹ̀," ló máa ń sọ. "Ẹran ara ẹja, ẹran ara èèyàn, ọ̀kan náà ni lójú ẹ̀. Ẹni tí ò bá fẹ́ kí n pariwo, kó má fa ìwọ̀ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn."

Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití ló rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun yìí wá. Àgbàlagbà tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n, onígbàjámọ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà, alágbàfọ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n fẹ́ kọ́ ẹja pípa mọ́ èyí tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n ti sọ fún tíṣà pé wọn kì í gbọ́ràn, pé ògbufọ̀ á bá wọn wá. Ó ní kò burú. Ṣùgbọ́n àṣà ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Bí wọ́n ṣe gun afárá, ó ki fèrè bọ ẹnu, ó fọn ọ́n kíkankíkan.

Kò sẹ́ni tó yíjú. Ọmọbìnrin tó fi ẹ̀yìn rìn wá yẹn nìkan ló fi ìka dí etí.

"Ẹ rọra o, ọ̀gá," ó ní. "Etí kan ṣoṣo tó ń gbọ́ràn láàárín wa, ẹ ti fẹ́ fọ́ ọ."

Ó yí padà, ó fi ọwọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún àwọn tó kù, ẹ̀rín sì gba orí afárá kan. Ojú ti tíṣà títí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ìgbà tí òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ó wọ ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà fún gbogbo wọn, ó fa ìdè rẹ̀ wò lára ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ń sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ ń fi ọwọ́ tú u. Ó rọrùn títí wọ́n fi kojú sí omi. Ibẹ̀ ni wàhálà wà: ẹni tó bá ń wo omi kò lè wo ọwọ́ ògbufọ̀. Onígbàjámọ̀, ọkùnrin gìrìwò kan tí ara rẹ̀ kì í gbélẹ̀, gba ọ̀pá, ó sì fà á sẹ́yìn tagbáratagbára. Tíṣà pariwo, "Dúró!" Ta ló máa gbọ́? Ìwọ̀ fò kọjá létí tíṣà fíín, ó gbá fìlà orí rẹ̀, ó sì gbé e lọ sáàárín adágún.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́. Onígbàjámọ̀ fa fìlà jáde bí ẹni fa ẹja, ó sì fi lé tíṣà lọ́wọ́ pẹ̀lú omi tó ń ro nínú rẹ̀. Tíṣà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀.

Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ní ìrọ̀lẹ́, ògbufọ̀ rí i tó jókòó sórí pákó, tó ń yí fèrè lọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó padà.

"Kí ló dé, ọ̀gá? Ṣé fìlà lẹ ń dárò?"

"Tó bá jẹ́ ojú ẹnìkan ni ìwọ̀ yẹn kọ́ ńkọ́?" tíṣà ní. "Ohùn mi nìkan ni mo fi ń ṣọ́ àwọn èèyàn. Báwo ni mo ṣe máa ṣọ́ àwọn yìí?"

Ọmọbìnrin náà ronú díẹ̀. "Ẹ bọ́ bàtà yín."

"Kí ni mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ lásán ṣe?"

"Ẹ ṣáà bọ́ ọ. Kí ẹ sì kọ ẹ̀yìn sí mi."

Ó bọ́ ọ. Ògbufọ̀ rìn lọ sí ìparí afárá, ó sì janlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbì, gbì. Tíṣà gbọ́ ọ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó gun ojúgun rẹ̀ wá bí ìgbà tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ó yíjú padà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Adití ò di ẹsẹ̀," ọmọbìnrin náà ní, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi orí korí. Ẹsẹ̀ lásán làwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dúró lórí afárá. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pákó lára, gbogbo ọwọ́ á dúró. Méjì méjì ni wọ́n ń ṣiṣẹ́: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ju ìwọ̀ àfi kí ẹnìkejì rẹ̀ tó dúró sápá kan wo ẹ̀yìn fún un, kó sì na àtẹ́lẹwọ́ sókè pé ó tó. Nínú ọkọ̀, ẹnìkan ń pẹja, ẹnìkejì kò gbọdọ̀ gbójú kúrò lára afárá. Bí asíá pupa bá sì ti lọ sókè, ẹja ìbáà tó erin, ilé ti tó lọ.

Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àmì tí àwọn adití fi ń sọ̀rọ̀, ó ní nítorí iṣẹ́ ni. Bí wọ́n bá ti ṣíwọ́ báyìí, á pe ògbufọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ pé 'wo ẹ̀yìn'?"

Ó fi hàn án.

"'Fà á díẹ̀díẹ̀' ńkọ́?"

Ó fi hàn án.

"'Ẹwà' ńkọ́?"

Ọmọbìnrin náà wò ó láti ìsàlẹ̀ dókè. "Ẹja wo ló ń jẹ́ ẹwà nínú adágún yìí?"

"Kò sí nínú omi. Orí pákó ló wà."

"Ẹja tó bá ti dé orí pákó, yíyan ló kù o, tíṣà."

"Èmi ni iná ti ń jó ní tèmi."

Ó fi ọwọ́ bo ojú, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sá lọ. Ṣùgbọ́n kò sá jìnnà. Kí oṣù tó parí, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ti mọ̀ ju àwọn méjèèjì lọ. Bí tíṣà bá ti fẹ́ pe ògbufọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, alágbàfọ̀ á ti máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún gbẹ́nàgbẹ́nà níhà.

Lọ́jọ́ kan tí òjò há wọn mọ́ abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ń kó ọ̀pá sí, tíṣà fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ọmọbìnrin náà yíjú sí i.

"Mo gbọ́," ó ní. "Èmi náà fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n màmá mi kì í gbọ́ràn. Látìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọ ọwọ́ ni mo ti ń fi ọwọ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, èèyàn dáadáa ni o, ṣùgbọ́n ó ti pa àmì díẹ̀ tó kọ́ tì. Bí a bá jókòó jẹun nílé wọn, gbogbo wa á máa rẹ́rìn-ín, màmá mi á máa wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àlejò tó ṣi ilé wọ̀. Mo ti sọ fún ara mi pé ẹni tí màmá mi kò bá lè bá sọ̀rọ̀, n ò ní fẹ́ ẹ."

"Ìyẹn ò ṣòro," tíṣà ní. "Mú mi lọ."

Ó ṣòro. Ìyá ògbufọ̀ jẹ́ aránṣọ, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé kí tíṣà tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ìparí rẹ̀ ti kọjá. Tíṣà fi gbogbo àmì ẹja kí i. Ó wá múra, ó na àyà, ó sọ èyí tó ti fi alẹ́ kọ́: mo fẹ́ràn ọmọ yín. Ìka kan ló fi "fẹ́ràn" yàtọ̀ sí "tà". Ìka yẹn gan-an ló ṣìnà.

Ìyá náà la ojú. Ó wo ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lu itan, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀rọ ìránṣọ mú kó má baà ṣubú.

"Kí ni mo sọ?" tíṣà bi ògbufọ̀.

"O ní o fẹ́ tà mí. Wọ́n ń béèrè iye tí wàá gbà."

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ìyá náà nu ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò lára tíṣà. Ọmọ rẹ̀ sì ń tú u. Ògbufọ̀ kì í fi kún ọ̀rọ̀, kì í sì í yọ nínú rẹ̀. Bí ó ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe ṣe é, àní nígbà tí ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"O jẹ́ ọmọ dáadáa. O mú mi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọkọ ọmọ mi àkọ́kọ́ náà kọ́ àmì díẹ̀ kó tó gbé e lọ. Nígbà tó gbé e tán, ọwọ́ rẹ̀ wọ àpò, kò sì jáde mọ́. Ọmọ yìí ló kù tí mo ń bá sọ̀rọ̀. N ò ní... n ò ní fi í fún ẹni tí á sọ mí di odi nínú ilé ọmọ mi. Rárá ni mo sọ."

Omi ti ń dà lójú ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Tíṣà dìde. Kò mọ àmì tó lè sọ, ó sì mọ̀ pé ìyẹn gan-an ni ẹjọ́ tí wọ́n pe òun.

Ní ọjọ́ kejì ó gba ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọ. Ó jókòó sórí àga, ó fi àmì wúruwùru sọ pé kí ó gé irun òun, kí ó sì kọ́ òun ní ọ̀rọ̀. Onígbàjámọ̀ yọ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní ọ̀rẹ́ tuntun. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ kò lè máa gé irun lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé, onígbàjámọ̀ á gbé ẹ̀rọ ìgérun sílẹ̀, á sọ tirẹ̀, á gbé e padà; ọ̀rọ̀ míì á tún dé. Ẹ̀gbẹ́ orí kan á ti balẹ̀, èkejì á ṣì wà bí igbó. Tíṣà ń lọ ṣáá. Nígbà tí irun tán lórí, wọ́n bọ́ sórí irùngbọ̀n. Nígbà tí irùngbọ̀n náà tán, onígbàjámọ̀ ní kò sí ohun tó kù tí òun lè gé, kí ó kàn máa jókòó.

Ṣùgbọ́n tíṣà rí ohun kan. Níwọ̀n ìgbà tí ògbufọ̀ bá wà létí omi, ẹnu lòun máa ń lò, ọwọ́ òun á máa sinmi. Ó bá olórí ilé-ẹ̀kọ́ sọ ọ́, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí òun gbìyànjú fúngbà díẹ̀ láìsí ògbufọ̀, orí ilẹ̀ nìkan ni wọ́n á ti máa ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò ní wọ ọkọ̀ àfi bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn bá sọ pé ọ̀rọ̀ òun yé wọn. Olórí gbà. Bó ṣe wá sọ ọ́ fún ògbufọ̀ ni kò dáa: ó ní tíṣà ní òun ò nílò rẹ̀ mọ́.

Ọmọbìnrin náà wá bá a létí omi, ojú rẹ̀ pọ́n.

"O lé mi."

"Èmi kọ́, ìfẹ́ mi. Mi ò lé ọ."

"Màmá mi ní rárá, o wá ní kí n má tún wá síbi tí o wà. Kí lo fẹ́ kí n pè é?"

Tíṣà fẹ́ ṣàlàyé. Ẹ̀rù bà á. Tí òun bá sọ ọ́, tí òun kò sì mọ èdè ọwọ́ náà nígbẹ̀yìn, a jẹ́ pé òun tún fi ìrètí tàn án. Ó wo ilẹ̀, ó dákẹ́. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọmọbìnrin náà lọ.

Ọjọ́ ìdánwò ìkẹyìn dé, wọ́n ní kí àwọn ẹbí wá wòran. Onígbàjámọ̀ pe ìyá ògbufọ̀, tó máa ń rán ẹ̀wù iṣẹ́ fún un, kò sì gbà kó kọ̀. Ọmọ rẹ̀ sìn ín wá. Ọmọ náà ní òun kò ní sún mọ́ afárá, abẹ́ igi lòun máa dúró sí.

Oòrùn ń ràn, omi sì parọ́rọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ pé ọ̀rọ̀ tíṣà yé wọn, ọkọ̀ sì tú ká lórí adágún. Àfi bí afẹ́fẹ́ ṣe dédé dìde, tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Tíṣà na asíá pupa sókè. Ẹni tó ń ṣọ́ afárá nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan rí i, wọ́n fọwọ́ kan ara wọn, ọkọ̀ sì ń yí padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku ọ̀kan. Onígbàjámọ̀ ti mú ẹja, okùn ìwọ̀ ti lọ́ mọ́ àjẹ̀, òun náà sì dìde dúró nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ ń mì síhìn-ín mì sọ́hùn-ún. Alágbàfọ̀ tó jókòó tì í di etí ọkọ̀ mú, ojú rẹ̀ kò kúrò lára tíṣà.

Tíṣà fò gun orí àpótí kan kí wọ́n lè rí i dáadáa. Ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Jókòó!"

Alágbàfọ̀ gún onígbàjámọ̀ níkùn, ó nawọ́ sí afárá.

"Jókòó! Gé okùn yẹn!"

"Ẹja ńlá ni!" onígbàjámọ̀ fi ọwọ́ ké padà.

"Mo ní kí o gé e!"

"Ó tóbi jù ọ́ lọ!"

"Tó bá tóbi tó bẹ́ẹ̀, òun ló máa gbé ọ relé! Ìyá alágbàfọ̀, ẹ bá mi gé e!"

Alágbàfọ̀ kò jẹ́ kó pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ó yọ ọ̀bẹ, ó gé okùn, ó sì fa ṣòkòtò onígbàjámọ̀ wálẹ̀ títí ó fi jókòó. Àwọn adití tó wà létí omi ti ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ létòlétò: kọ imú ọkọ̀ sí afẹ́fẹ́, apá òsì nìkan, dúró, ó yá, apá méjèèjì, wò mí, wò mí, má wo omi. Nígbà tí ọkọ̀ dé ibi tí omi ò ti jìn, òun fúnra rẹ̀ wọ́dò bá wọn, ó sì fà á gúnlẹ̀. Onígbàjámọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì wọn bí ẹja náà ṣe gùn tó fún gbogbo ènìyàn. Tíṣà ní kò gùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé, ẹ̀rín sì tún sọ.

Lábẹ́ igi, ògbufọ̀ dúró, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò sẹ́ni tó ní kó tú ohunkóhun. Ó wo orí tíṣà tó ń dán nínú oòrùn, ó wo onígbàjámọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì yé e wẹ́rẹ́. Nígbà tó fẹ́ bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ìyá rẹ̀ ti lọ.

Ìyá náà ti dé ọ̀dọ̀ tíṣà, ó fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ta ló kọ́ ọ?"

Tíṣà nawọ́ sí onígbàjámọ̀.

"Mo fura. Ò ń ju ọwọ́ bí ẹni ń gbọn irun dànù lára aṣọ."

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹni tó kọ́ mi ni mo fi jọ."

"Kí ló dé tí o ò mú ọmọ mi wá kó tú ọ̀rọ̀ rẹ fún mi?"

"Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ, Màmá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ògbufọ̀." Ó mí kanlẹ̀. Ó to ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó má baà tún ṣìnà. "Mo fẹ́ràn ọmọ yín. Bí ẹ bá tún ní rárá, n ò ní kó ọwọ́ mi sápò, nítorí mo ti ní ọ̀rẹ́ nínú èdè yìí. Ṣùgbọ́n kí ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni ló wù mí."

Ìyá náà wò ó pẹ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

"Èmi kọ́ lo fẹ́ fẹ́," ó ní níkẹyìn. "Lọ sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín."

Tíṣà yíjú, ọmọbìnrin náà ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" ó ní.

"Ẹ̀rù bà mí pé n ò ní mọ̀ ọ́n."

"Òpònú ni ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé wàá fẹ́ òpònú?"

"Orí rẹ dán jù."

"Irun á hù, ẹyinjú mi. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ọmọbìnrin náà gbé ọwọ́ sókè, ó sì fi í dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ènìyàn sì rí i. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n bí ewé inú afẹ́fẹ́, bí àwọn adití ṣe ń pàtẹ́wọ́. Onígbàjámọ̀ ló gbọ̀n ọ́n pẹ́ jù.

Kò pẹ́ sígbà náà, ìyá náà ránṣẹ́ pe tíṣà sí yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kó na apá. Ó fi téèpù wọn èjìká rẹ̀, ó wọn ọrùn rẹ̀, ó ka píìnì sáàárín ètè, ó ń da aṣọ bò ó lára. Ọmọ rẹ̀ wọlé, ó bá wọn bẹ́ẹ̀.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe?"

Ọwọ́ ìyá kò ṣófo, kò lè dáhùn. Tíṣà tí ọwọ́ tirẹ̀ ṣófo ló gba ọ̀rọ̀ sọ, ó ń fi ẹnu sọ ọ́, ó ń fi ọwọ́ sọ ọ́ kí ìyá náà lè rí i.

"Màmá ní àyà mi fẹ̀, aṣọ ìgbéyàwó mi á gba aṣọ púpọ̀. Wọ́n tún ní kí a má fi falẹ̀ mọ́, ìparí oṣù tó ń bọ̀ ló dáa jù."

Ìyá náà ju téèpù sílẹ̀, ó kó píìnì kúrò lẹ́nu. "Ìgbà wo ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ ò tíì sọ ọ́, Màmá. Mo bá yín sáré díẹ̀ ni."

Ìyá náà gbá a lórí pẹ̀lú aṣọ, ẹ̀rín ń pa á lọ. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o gbọ́ ohun tó sọ? Ìparí oṣù tó ń bọ̀."

"Ó jìnnà jù," ọmọbìnrin náà ní, ó sì sún mọ́ tíṣà títí èjìká wọn fi kan ara wọn. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Ta ló máa rán aṣọ yín tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan?" ìyá náà bi wọ́n. Ṣùgbọ́n kò dúró gbọ́ èsì. Ó ti jókòó, ó ti ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ẹ̀rọ sì ti ń sáré.